Ajá tó ń sá fún olówó rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ajá wa, Bingo, ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Lóṣù Kejìlá, àwọn ọmọ àdúgbò ju bángà sínú ọgbà wa. Bingo já ṣéènì, ó sá wọ abẹ́ mọ́tò. Àbúrò mi wọ́ ọ jáde, ó sì nà án ní pankẹ́rẹ́ torí pé ó kùn mọ́ ọn. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí, ẹ̀yìn táǹkì omi ló ń gbé. Bí mo bá pè é, á fìrù sábẹ́, á tún sún wọnú sí i. Òru nìkan ló ń jẹun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn, mo tiẹ̀ gbá a mọ́ra tipátipá, pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ àìsàn kúrò nílẹ̀. Pankẹ́rẹ́ lè ṣe egungun ìhà léṣe, etí tó ń dùn tàbí eyín tó ti jẹrà sì lè mú kí ajá máa sá fún ọwọ́ èèyàn. Bí Bingo bá ń tiro, bí kò bá jẹun rárá fún odidi ọjọ́ méjì, tàbí bó bá jẹ́ ojú ibì kan ṣoṣo lára rẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn, ẹ pe dókítà ẹranko wá sílé. Ẹ má wọ́ ọ lọ. Bí ohùn rẹ̀ bá sì yí padà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, ẹ má sún mọ́ ọn rárá. Ó lè jẹ́ àrùn dìgbòlugi, pàápàá bí kò bá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ ti géètì, ẹ pe dókítà.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rù nìkan ni, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Bángà, ṣéènì, pankẹ́rẹ́, orúkọ rẹ̀, ìró ẹsẹ̀ yín, gbogbo rẹ̀ ti wé mọ́ra wọn lọ́kàn Bingo. Gbígbá tí ẹ gbá a mọ́ra tipátipá, ìgbà kejì nìyẹn tí wọ́n mú un níbi tí kò ti lè sá. Látòní lọ, ẹ má lọ bá a mọ́. Òun ló máa wá bá yín.

Fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má pè é, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ máa gbé oúnjẹ àti omi síbì kan náà, lásìkò kan náà, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má figi lé e jáde lẹ́yìn táǹkì. Yàrá rẹ̀ nìyẹn ná. Àwọn kan máa ń febi pa ajá kó lè wá. Ebi á mú un wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù ni yóò fi jẹun, bó bá sì ti yó tán, á sá padà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ bọ adìẹ láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i (àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́), ẹ yọ gbogbo eegun rẹ̀, kí ẹ wá gé e wẹ́wẹ́ bíi hóró ẹ̀wà, nǹkan bí ogún ẹyọ. Ẹ gbé àpótí ìjókòó síbi tó jìnnà sí i tó mítà 5, ẹ jókòó, kí ẹ fẹ̀gbẹ́ kọ ọ́. Ẹ wá ju ẹyọ kan, kó ré e kọjá, kó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yìn la wí o, ibẹ̀ ló sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹran tan ajá tẹ́rù ń bà wá sọ́dọ̀ yín, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: ọrùn á gùn síwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á dúró pa síbi tó wà. Bó bá gbé ẹran náà mì tán tó gbójú sókè, tó rí i pé òun ti wà nítòsí yín, àyà rẹ̀ á já, á fò sẹ́yìn. Ìgbà tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹran gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ yín ló ń rí i jẹ. Ara á tù ú, á sì fúnra rẹ̀ yíjú padà láti wo ibi tí òmíràn ti ń bọ̀. Ìyíjúpadà yẹn gan-an lẹ ń wá. Ogún ẹyọ ò gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Bó bá ti tán, ẹ rọra dìde, ẹ lọ. Ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ tún un ṣe nírọ̀lẹ́.

Bó bá wo ẹran láìjẹ ẹ́, kì í ṣe agídí. Ẹ̀rù tó pọ̀ máa ń pa ebi. Ẹ ti sún mọ́ ọn jù nìyẹn, ẹ gbé àpótí yín sẹ́yìn ní mítà 2. Bó bá jẹun fún ọjọ́ méjì tẹ̀lé ara wọn láìba mọ́lẹ̀, ẹ sún síwájú ní ìṣísẹ̀ kan. Nígbà tó bá ti ń wá sítòsí ẹsẹ̀ yín, ẹ tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹran wà ní àtẹ́lẹwọ́. Ọjọ́ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ba iṣẹ́ jẹ́: inú wọn á dùn, wọ́n á rá a mú. Ohun tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ lẹ fi ìṣẹ́jú kan wó yẹn.

Bí ẹ bá máa fọwọ́ kàn án, abẹ́ àgbọ̀n tàbí àyà ni kó jẹ́. Ẹ má gbé ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀. Láti òkè ni pankẹ́rẹ́ ti ń bọ̀. Ẹ họ ọ́ fún ìwọ̀n kíka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Bó bá tún sún mọ́ yín, ẹ tẹ̀ síwájú. Bó bá yíjú kúrò, tó fahọ́n lá imú, tó yán láìsí oorun lójú rẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé funfun ojú rẹ̀ ló ń hàn, ó tó fún tòní.

Orúkọ náà ti bàjẹ́ létí rẹ̀. Ẹ fi súfèé kan tí kò gbọ́ rí rọ́pò rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ẹran nìkan ló ń tẹ̀ lé e, kì í ṣe ìwẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ṣéènì náà tún ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nítòsí oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ẹ mì ín díẹ̀ kí ẹ sì ju ẹran, lẹ́yìn náà ẹ so ó mọ́ ọn lọ́rùn, kí ẹ tú u lójú ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì àyà tó gba abẹ́ apá sàn ju èyí tó ń fún un lọ́rùn lọ.

Ní ti àbúrò yín, kí ó yẹra ná títí ara Bingo yóò fi balẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kó wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti mítà 5. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ajá ní nínú èèyàn kan kì í ràn mọ́ ẹlòmíì. Ẹ fi oṣù méjì sí mẹ́ta sọ́kàn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nǹkan bá tún dẹ́rù bà á láàárín kan, ẹ fún un ní ọjọ́ kan tàbí méjì láìṣe nǹkan kan, torí ìpayà kì í tètè kúrò lára ajá.

Ìbéèrè: Ajá mi kùn mọ́ ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tó ń jẹun. Bàbá mi ní kí n nà án dáadáa, pé bí mi ò bá nà án, á bu ọmọ jẹ lọ́la. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Àyọ̀, Òṣogbo)

Ìdáhùn: A kò bá bàbá jiyàn pé ọ̀rọ̀ náà léwu. Ṣùgbọ́n kíkùn ni ajá fi ń sọ pé "ẹ jìnnà sí mi." Bí ẹ bá nà án torí rẹ̀, kò ní kùn mọ́ lóòótọ́, ìbẹ̀rù á wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó kàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu èèyàn jẹ láìkìlọ̀ ni. Ẹ máa fún un lóúnjẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, kí ọmọ má sì dá wà pẹ̀lú rẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tó ń wò ó, ìyẹn ni ẹ ò fi gbọ́dọ̀ dúró wò ó.

Ìbéèrè: Oògùn wo ni mo lè fún ajá mi nígbà bángà? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Kì í ṣe oògùn inú dúrọ́ọ̀ yín. Paracetamol àti ibuprofen lè pa ajá. Dókítà ẹranko ló máa wọn ìwúwo rẹ̀ kó tó kọ nǹkan kan fún un, kí ẹ sì bi í bóyá ẹ̀rù ni oògùn náà ń mú kúrò àbí ara nìkan ló ń mú rọ. Acepromazine, tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, lè dá ajá dùbúlẹ̀ kí ẹ̀rù ṣì wà nínú rẹ̀ digbí.

Láti oṣù Kẹjọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ìró bángà sórí fóònù, ẹ dín ohùn rẹ̀ kù débi tó jẹ́ pé etí lásán ló máa nà. Ìró ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ẹran lójú ẹsẹ̀, ìgbà márùn-ún sí mẹ́jọ lóòjọ́. Ìró ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí ẹran bá ṣáájú, á mọ ẹran sí àmì pé bángà ń bọ̀, á sì kọ̀ ọ́. Ẹ má fi ohùn kún un títí á fi máa wo ọwọ́ yín fún ẹran tó bá ti gbọ́ ìró náà.

Lọ́jọ́ ọdún fúnra rẹ̀, ẹ mú un wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti fèrèsé, ẹ tan rédíò, ẹ tú ṣéènì lọ́rùn rẹ̀, torí ajá tí ìpayà bá mú lè fi ṣéènì pokùn. Bó bá wá sápamọ́ sí yín lára, ẹ gbà á mọ́ra. Irọ́ ni pé ìyẹn ń sọ ọ́ di ojo. Kí ẹ sì ti fi máákà tí omi kì í pa rẹ́ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára bẹ́líìtì rẹ̀, bóyá ẹnì kan gbàgbé géètì ní ṣíṣí.