Ẹ Bi Wá Ká Sọ: Ta ló ń sanwó PhD ẹkọnọ́míìsì l'Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹkọnọ́míìsì ni mo kà ní yunifásítì, second class upper ni mo fi jáde, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ọ̀rẹ́ mi kan ní téèyàn bá fẹ́ ṣe PhD ẹkọnọ́míìsì l'Amẹ́ríkà, iléèwé ló máa ń sanwó fúnni. Bàbá mi ní iṣẹ́ gbájúẹ̀ nìyẹn, pé níbo ni wọ́n ti ń sanwó féèyàn kó wá kàwé. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé mi ò sì ní kọ́kọ́ ṣe másítà ni?
Ọmọ Òṣogbo

Ìdáhùn: Àbúrò, bá mi kí bàbá ẹ, wọn ò jẹ̀bi. Ẹni tó ti yáwó kiri torí school fees ọmọ, báwo ló ṣe fẹ́ gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́? Òótọ́ lọ̀rẹ́ ẹ sọ o, ohun tí kò sọ fún ẹ ni pé iṣẹ́ wà nídìí owó náà.

Ọ̀pọ̀ department ẹkọnọ́míìsì l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá ti gbà ẹ́ wọlé fún PhD, wọ́n á gbé owó iléèwé kúrò lọ́rùn ẹ, wọ́n á bá ẹ san insurance ìlera, wọ́n á wá máa fún ẹ lówó oṣù tí wọ́n ń pè ní stipend, ọdún 5 ni wọ́n sì sábà máa ń ṣèlérí ẹ̀. Assistantship ló pọ̀ jù nínú owó yìí: o lè máa kọ́ àwọn ọmọ tó ń ka dígírì àkọ́kọ́ ní tutorial kó o sì máa máàkì ìwé wọn, tàbí kó o máa bá pròfẹ́sọ̀ kan to dátà. Fíísà F-1, ìyẹn fíísà akẹ́kọ̀ọ́, ò sì gbà kó o ṣe irú iṣẹ́ yẹn ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí iléèwé bá ń lọ lọ́wọ́, ẹni tó bá wá ní òun á máa yọ́ ṣiṣẹ́ níta láìgbàyè, ọ̀nà ilé ló ń wá yẹn.

Lẹ́tà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ẹ, kà á bí ẹni ń ka ìwé ilẹ̀. Ṣé oṣù 9 lowó yẹn fi ń wọlé àbí 12? Torí ebi ò mọ̀ pé iléèwé ti gba hólídè. Ṣé àwọn fíìsì kéékèèké tó máa ń yọjú ní semester kọ̀ọ̀kan wà nínú ohun tí wọ́n yọ̀ǹda, àbí ìwọ lo máa san ìyẹn? Tó o bá féèlì ìdánwò, ṣé owó ṣì ń bọ̀? Ìlú wo ni? Owó tó máa tó ẹ jẹun ní ìlú kékeré kan ní Iowa, owó ilé nìkan lè gbé e mì ní New York. Owó orí náà ń bẹ níbẹ̀, Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ò sì ní àdéhùn lórí ìyẹn, wọ́n á gé e.

Ní ti másítà, kò pọn dandan, ọ̀pọ̀ ló ti dígírì àkọ́kọ́ wọlé tààrà. Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ ni pé ṣé o mọ ìṣirò? Mi ò sọ ti kọmẹ́ẹ̀sì o. Real analysis, ìyẹn ìṣirò tó jẹ́ pé ẹ̀rí lo máa fi gbe gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀, linear algebra, calculus, probability. Ọ̀pọ̀ wa tó ka ẹkọnọ́míìsì nílé ò bá real analysis pàdé rí, òun gan-an sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò lára result ẹ. Ọdún àkọ́kọ́ ibẹ̀, micro, macro àti econometrics (bí wọ́n ṣe ń fi ìṣirò yẹ dátà ọrọ̀ ajé wò) ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìṣirò ni gbogbo ẹ̀, tí ọdún bá parí o máa wá jókòó fún ìdánwò prelim. Ẹni tó bá féèlì, wọ́n sábà máa ń fún un láǹfààní ẹ̀ẹ̀kan sí i, tó bá tún féèlì, wọ́n lè fún un ní másítà kí wọ́n sì ní ó dàbọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé tí ìṣirò ẹ ò bá dúró, lọ ṣe másítà tó máa jẹ́ kó o rí i kọ́, kó o tó máa ná owó fọ́ọ̀mù.

Tó o bá ti já prelim, ara tù díẹ̀. Ọdún kejì o máa mú ẹ̀ka tó wù ẹ́, bíi labour tàbí development, lẹ́yìn ìyẹn ìwádìí tìẹ ló kù, títí tó o fi máa rí job market paper kan tó o máa fi wáṣẹ́ kọ. Ọdún 5 tàbí 6 ni gbogbo ẹ̀ sábà ń gbà.

Má jẹ́ kí fọ́tò ilé aláràbarà tàn ẹ́. Béèrè bóyá wọ́n máa fún ẹ ní tábìlì ní ọ́fíìsì, bóyá Stata, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lórí dátà, àti kọ̀ǹpútà ńlá wà fún dátà tó wúwo, bóyá owó wà láti fi lọ conference, bóyá àwọn àlejò máa ń wá sí seminar lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o lọ wo ibi tí wọ́n kọ iṣẹ́ táwọn tó jáde níbẹ̀ rí sí. Èmi o, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Fọ́ọ̀mù sábà máa ń tì láàárín December sí ìbẹ̀rẹ̀ January, owó ẹ̀ sì lè tó 100 dọ́là níbì kan, torí náà kọ ìmeèlì béèrè fee waiver, ìyẹn pé kí wọ́n yọ̀ǹda owó fọ́ọ̀mù fún ẹ, ojú ò tini níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbà ẹ́, ọ̀pọ̀ iléèwé ló gbà pé títí di April 15 lo ní láti fèsì, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kán ẹ lójú.

Ìbéèrè: Olùkọ́ polí ni mí, mo ti lé lẹ́ni 40 ọdún, mo ní ìyàwó àtọmọ mẹ́ta. Amẹ́ríkà ò ṣeé ṣe. Ṣé kò sí nǹkan nílé?
Olùkọ́ kan, Èkìtì

Ìdáhùn: Ó wà, sà. Ẹ wo PhD tí AERC (African Economic Research Consortium), àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ẹkọnọ́míìsì ní Áfíríkà, ń bá àwọn yunifásítì Áfíríkà ṣe pọ̀, ọdún 1988 ni wọ́n dá AERC sílẹ̀, Nairobi ni oríkò wọn, Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó ń gbàlejò ètò náà. Ẹ máa ṣe kọ́ọ̀sì àti ìdánwò ní yunifásítì, ẹ máa wá lọ Nairobi fún oṣù mélòó kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà yòókù láti ṣe àwọn kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ yàn, kẹ́ ẹ tó padà wá kọ thesis. Torí pé olùkọ́ ni yín, ẹ tún lọ bá ọ́fíìsì TETFund ní polí yín, wọ́n máa ń gbówó ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ iléèwé ìjọba. Ẹ sì tètè bá ìyàwó sọ ọ̀rọ̀ Nairobi yẹn o, kó má jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí.