Aago ní mo jó 600 kálórì, ìwọ̀n mi ò sì yẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 52 ni mí, mo wọ̀n tó kílò 76. Délé ọmọ mi ra aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù fún mi, òun náà ló bá mi so ó mọ́ fóònù. Àràárọ̀ ni mo ń rìn láti Mayfair dé géètì OAU, tí mo tún ń fẹsẹ̀ padà, wákàtí kan gbáko. Aago á ní mo ti jó 600 kálórì. Oṣù mẹ́ta rèé, ìwọ̀n mi ò yẹ̀. Àbí ayédèrú ni?
Ìyá Délé, Sábó, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá Délé, ẹ kú ìrìn. Kí ẹ tó bú ẹni tó ta aago, ẹ ní kí Délé ṣí ibi tó kọ ọjọ́ orí àti ìwọ̀n sí lórí fóònù. Ó jọ pé tiẹ̀ ló kọ síbẹ̀.

Aago ò rí ọ̀rá tó ń jó. Iná aláwọ̀ ewé tó ń tàn sí ọrùn ọwọ́ ló fi ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ìyókù, ìṣirò ni. Bí a bá ń rìn, iṣan á béèrè ọ́síjìn, ọkàn á yára gbé e lọ, lítà ọ́síjìn kan sì tó nǹkan bíi kálórì 5. Orí ìyẹn ni àwọn tó ń ṣe aago dúró. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Keytel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà kan jáde ní 2005 tó ń da ọjọ́ orí, ìwọ̀n, àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni, pọ̀ mọ́ ọn. Mo fi bírò ṣe é. Obìnrin ọdún 52, kílò 76, tí ọkàn rẹ̀ ń lù nígbà 118 ní ìṣẹ́jú kan: nǹkan bíi 380 ní wákàtí. Ká ní Délé jẹ́ ọkùnrin ọdún 25, kílò 88, ọkàn lù 118 bákan náà: 600. Ẹsẹ̀ yín ló ń rìn, ara Délé ni aago ń ṣírò!

380 náà, ẹ má tìtorí ẹ̀ bu òkèlè kún òkèlè. Ẹ̀ bá jó nǹkan bíi 70 nínú rẹ̀ ní ìjókòó ìdí ọjà. Wọ́n dán aago méje wò ní Yunifásítì Stanford, èsì jáde ní 2017: mẹ́fà ka ọkàn dáadáa, ṣùgbọ́n ní ti kálórì, èyí tó sàn jù fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà.

Ọkàn a sì máa sáré láìṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń gbá pẹnáritì, orí àga ni mo wà, aago mi ka 121, ó ní mo ń ṣeré ìdárayá. Eré ìdárayá wo? Oòrùn ọ̀sán ń ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà tó jẹ gbèsè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi atenolol, òdì kejì ni: ọkàn á rọra máa lù, aago á kà á kéré. Ẹ má torí aago fi oògùn sílẹ̀ o.

Kí Délé tún un kọ, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi. Ẹ fi ohun tí ẹ ń jẹ tí ẹ bá dé láti ibi ìrìn kún un. Ẹ ò mẹ́nu bà á, mo sì ti ń fura.