Ẹ Bi Àǹtí: Ọkọ mi ní lẹ́tà Jàpáánì jọ tíírà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ n lẹ́ o Àǹtí. Tíṣà ọmọ mi, SS1 ló wà ní Bódìjà, ní wọ́n fẹ́ fi táàmù yìí kọ́ àṣà Jàpáánì, wọ́n á fi amọ̀ mọ abọ́ tíì, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lẹ́tà. Bàbá ẹ̀ ní lẹ́tà yẹn jọ tíírà lójú òun, òun ò san kọ́bọ̀. Kí n ti wí? Ìyá Bọ́lá, Mọ́kọ́lá.

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ́lá, ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní kì í ṣe tíírà rárá. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n máa ń kọ, bí òkè, odò, òjò. Àwa tá a lọ ilé kéú ló tiẹ̀ yẹ kó tètè yé, ṣebí a mọ tàdáwà àti wàláà. Íńkì tiwọn, sumi, dúdú èéfín irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ni wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè lára awọ ẹran, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kó le gbagidi, ọmọ á wá bu omi díẹ̀ sórí òkúta á máa lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ títí á fi dúdú. Ibi tó ti dùn mọ́ mi nìyí o, ìlà tó o bá ti fà, o ti fà á nìyẹn, kò sí pé ò ń padà lọ tún un kùn, kò sí rọ́bà, bí ọwọ́ ẹ bá gbọ̀n bébà á sọ. Lẹ́tà kan wà, 永, tí wọ́n fi ń kọ́wọ́, torí oríṣi ìlà 8 tó ṣe pàtàkì ló pé sínú ẹ̀.

Ẹ má ra àpótí irinṣẹ́ ìkọ̀wé olówó ńlá tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Íńkì dúdú ìgò kan, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ́nu ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìwé ìròyìn àlòkù, ó tán.

Ti amọ̀ ńkọ́? Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mọ raku, abọ́ tíì àwọn ará Jàpáánì, látìgbà Chojiro, amọ̀kòkò kan ní Kyoto, ó ti lé ní 400 ọdún, kò sí ẹ̀rọ tó ń yí. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò n'Ípetumodù náà ò lo ẹ̀rọ, súkúù ì bá kó àwọn ọmọ lọ wò wọ́n. Àmọ́ kí wọ́n fa abọ́ yọ nínú iná nígbà tó ṣì ń pọ́n yòò bíi ti raku, ìyẹn kì í ṣeré ọmọdé o! Abọ́ táwọn ọmọ bá mọ, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síbòòji kó gbẹ dénú kí wọ́n tó sun ún, omi tó bá ṣẹ́kù nínú ẹ̀ á fọ́ ọ nínú iná.

Tí bàbá bá ṣì ń jiyàn, ẹ yọ náírà 20 síta. Ladi Kwali tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn ẹ̀ yẹn, ó bá Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ l'Ábújá àtijọ́, tó di Suleja báyìí, ọ̀dọ̀ Bernard Leach ni Cardew ti kọ́ṣẹ́, Leach fúnra ẹ̀ sì rèé, Jàpáánì ló ti kọ́ iṣẹ́ amọ̀, òun àti Hamada ará ibẹ̀ ni wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní St Ives nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1920.

Ti owó, ẹ kọ́kọ́ bi tíṣà pé ta ló máa bá wọn sun abọ́ náà, torí ibẹ̀ lowó máa ń há sí.