Ìṣẹ́jú mélòó ni ká fi se omi odò Ògùn ká tó mu ún, tá a bá pàgọ́ sínú igbó nítòsí Abẹ́òkúta?

Ìṣẹ́jú 1 ti tó, láti ìgbà tó bá ti ń hó yaya. Ìyẹn á pa kòkòrò tó ń fa onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Lórí òkè tó ga ju mítà 2,000 lọ, ìṣẹ́jú 3 ni, torí pé omi máa ń hó níbẹ̀ kó tó gbóná dáadáa. Kódà orí Olúmọ kò ga tó bẹ́ẹ̀.

Lásìkò òjò tí odò bá pọ́n, ẹ jẹ́ kó tòrò, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ tó gbé e kaná. Aṣọ ò wúwo nínú ẹrù, ẹ má fi í sílé.

Àmọ́ sísè kì í mú kẹ́míkà kúrò. Ẹ má ṣe bu omi nísàlẹ̀ ibi tí omi aró tàbí oògùn oko ti ń ṣàn wọ odò.