Kí ni ìtumọ̀ "polarization" nínú ìtànṣán X àti gámà tó ń ti ojú ọ̀run wá?

Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ ni pé, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ bá sọ pé polarization ìtànṣán X láti Crab Nebula, ìkùukùu kan lójú ọ̀run, jẹ́ ìdá 19 nínú 100, kí ni wọ́n kà tí wọ́n fi rí 19, àti pé kí ló dé tí wọn kò lè wọ̀n ọ́n láti orí ilẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn rọrùn: afẹ́fẹ́ tó bo ilẹ̀ ayé ń gbé ìtànṣán X mì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà ẹ̀rọ ní láti gòkè rékọjá rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló gba àlàyé.

Ìmọ́lẹ̀ ni ìtànṣán X àti gámà, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, àfi pé agbára wọn pọ̀ ju èyí tí ojú wa lè rí lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń lọ, agbára iná mànàmáná inú rẹ̀ a máa mì, mímì náà a sì máa dábùú ọ̀nà tó ń tọ̀. Bí ẹnìkan bá so okùn mọ́ igi, tó ń ju ọwọ́ sókè sódò, ìgbì yóò lọ bá igi. Bó bá sì ń jù ú sọ́tùn-ún sósì, ìgbì yóò ṣì dé ìdí igi kan náà, ṣùgbọ́n apá ibi tó ń mì sí ti yàtọ̀. Polarization ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún bí àwọn ìtànṣán ṣe fohùn ṣọ̀kan tó lórí apá tí wọ́n ń mì sí. Bí kálukú wọn bá ń mì bó ṣe wù ú, òdo ni; bí gbogbo wọn bá ń mì sí apá kan ṣoṣo, ó di 100. Ìdá 19 túmọ̀ sí pé a lè ka ìmọ́lẹ̀ náà sí àdàlù méjì, ìdá 19 tó wà létòlétò àti ìdá 81 tí kò ní ètò kankan. Nọ́ńbà kejì tún wà tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fò dá, ìyẹn igun tó ń fi apá ibi tí mímì náà kọjú sí hàn, èmi sì gbà pé òun gan-an ló níye lórí jù.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé igun yẹn ń sọ ohun tí àwòrán lásán kò lè sọ. Crab Nebula ni ohun tó ṣẹ́kù lára ìràwọ̀ tó bú gbàmù, tí àwọn ará Ṣáínà rí lójú ọ̀run ní ọdún 1054, ó sì jìnnà sí wa tó nǹkan bí 6,500 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀. Ní àárín rẹ̀, òkú ìràwọ̀ kékeré kan ń pòòyì bí ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń ti àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde pẹ̀lú eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Agbára òòfà ibẹ̀ ń yí wọn lọ́nà padà, bí wọ́n sì ti ń yí ni wọ́n ń tú ìtànṣán jáde, èyí tó ń mì ní ìdábùú agbára òòfà náà. Ẹni tó bá mọ igun ti mọ ibi tí agbára òòfà kọjú sí. Ẹni tó bá mọ ìdá ti mọ̀ bóyá ó wà létò tàbí ó lọ́jú pọ̀.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló kọ́kọ́ fi hàn ní 1971 pé ìtànṣán X láti Crab ní polarization, kí sátẹ́láìtì OSO-8, tí Amẹ́ríkà gbé sókè ní 1975, tó fìdí ìdá 19 múlẹ̀. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ yìí fà sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Amẹ́ríkà àti Ítálì fi jọ gbé sátẹ́láìtì IXPE sókè ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2021. Gáàsì ló wà nínú ẹ̀rọ IXPE. Bí ìtànṣán X kan bá wọlé, yóò kọlu átọ́ọ̀mù kan, yóò sì lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan jáde nínú rẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà sábà máa ń gba apá ibi tí ìtànṣán ń mì sí lọ, ipa tó bá sì fi sílẹ̀, tí kò gùn tó mìlímítà kan, ni ẹ̀rọ ń yà. Ti ìtànṣán gámà yàtọ̀: ńṣe ló ń ta lára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ó sì fẹ́ràn láti ta sí ìdábùú mímì rẹ̀. IXPE ń yí ayé po lórí ìlà tó pín in sí méjì, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé Malindi ní orílẹ̀-èdè Kenya ni olórí ibùdó tó ń gba ìsọfúnni tó ń kó jọ sílẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ọ̀rọ̀ "sábà" tí mo lò yẹn, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìṣòro wà. Ipa kan ṣoṣo kò jẹ́rìí sí nǹkan kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn la ní láti kó jọ kí a tó rí apá tí wọ́n pọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni polarization kò lè kéré ju òdo lọ, nítorí náà àṣìṣe kékeré nínú kíkà a máa gbé e sókè ni, débi pé ìmọ́lẹ̀ tí kò ní ètò rárá lè dà bí ẹni pé ó ní. Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan fi sátẹ́láìtì RHESSI, tí a ṣe fún wíwo oòrùn, kéde pé ìbúgbàmù gámà (ìtànṣán gámà tó ṣàdédé tú jáde láti ọ̀nà jíjìn lójú ọ̀run) ti oṣù Kejìlá 2002 ní polarization ìdá 80. Àwọn mìíràn tún ìsọfúnni kan náà yẹ̀ wò, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó dúró. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ìwọ̀n àṣìṣe tó bá a rìn. Nígbà tí ẹ̀rọ POLAR, tí Ṣáínà gbé sókè ní 2016 fún iṣẹ́ yìí gan-an, wo ìbúgbàmù márùn-ún, nǹkan bí ìdá 10 ni wọ́n rí ní ìpíndọ́gba.

Ìpíndọ́gba náà ni ìdá 19 ti Crab. IXPE, tó lè ya àwòrán, fi hàn pé àwọn ibì kan nínú rẹ̀ kọjá ìdá 40, ó sì rí ibi tó ju ìdá 60 lọ nínú ìkùukùu tó yí òkú ìràwọ̀ Vela ká, èyí tó fi hàn pé agbára òòfà ibẹ̀ wà létò gan-an. Ṣùgbọ́n ìdá kékeré náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ti Cygnus X-1, níbi tí ihò dúdú (black hole) kan ti ń fa gáàsì lára ìràwọ̀ tó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀, kò ju nǹkan bí ìdá 4 lọ, síbẹ̀ igun rẹ̀ bá ọ̀nà tí ihò dúdú náà ń gbà tu nǹkan jáde mu. Láti ara igun yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé gáàsì gbígbóná tó ń tan ìtànṣán náà tẹ́ pẹrẹsẹ yí ihò dúdú ká, kò dúró ṣánṣán lójú ọ̀nà ìtújáde náà.