Ṣé mo nílò físà láti gbé aṣọ òkè láti Ìlọrin lọ tà ní Parakou?

Rárá, ẹ ò nílò físà. Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Parakou wà, jọ wà nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1975, ọmọ ẹgbẹ́ sì lè lo 90 ọjọ́ nílẹ̀ ara wọn. Ẹ ṣáà mú pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára) dání tí ẹ bá ń gba ibodè Chikanda kọjá.

Ti ẹrù gan-an ló gba àlàyé. Ohun tí a fọwọ́ ṣe níbí, bí aṣọ òkè tàbí ìkòkò amọ̀ Dada n'Ílọrin, kì í san owó ibodè, kò sì nílò ìwé ẹ̀rí pé ibí ló ti wá. Tó bá jẹ́ ẹrù ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ, ó di dandan kí ECOWAS ti fọwọ́ sí i kó tó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Áńkárá Ṣáínà ní tiẹ̀ á san owó ibodè: gbèdéke kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè ECOWAS jọ fi lélẹ̀, èyí tó ga jù nínú rẹ̀ jẹ́ 35 nínú ọgọ́rùn-ún. (Ohun tó wà nínú ìwé ni mo ń sọ o, ti àwọn tó ń ta okùn dínà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.)

Owó ò tíì di ọ̀kan. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná lọ́hùn-ún.