Kí ló dé tó jẹ́ rédíò kéékèèké ló máa ń gbé orin power pop tí ò lókìkí sáfẹ́fẹ́?

Torí pé owó ìpolówó ọjà kọ́ ló ń bọ́ wọn, àwọn olùgbọ́ ló ń dáwó fún wọn. Bíi rédíò WFMU ní Jersey City, Amẹ́ríkà, DJ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣa orin tó bá wù ú. Power pop ni gìtá tó ń dún kíkan-kíkan pẹ̀lú ègbè dídùn bíi ti Beatles. Ẹ wo Big Star, ẹgbẹ́ olórin power pop kan láti Memphis ní Amẹ́ríkà, àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1972, àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin yìn ín gan-an, àmọ́ Stax, iléeṣẹ́ tó yẹ kó pín àwo náà, ò rí i pín kiri dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, ló bá kú síbẹ̀, àfìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ olórin bíi R.E.M., tí rédíò yunifásítì ń gbé lárugẹ, wá ń dárúkọ wọn. Kì í ṣe gbogbo orin power pop ni ò tà ṣá o: orin ẹgbẹ́ The Knack gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1979.